Ìdínkù ìyára CPU nítorí ooru

Ìdínkù ìyára CPU nítorí ooru, tí a ń pè ní thermal throttling ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀nà tí CPU kọ̀ǹpútà ń gbà dín ìyára ara rẹ̀ kù nígbà tí ó bá gbóná dé ààlà tí àwọn tó ṣe é fi lélẹ̀. Ààbò ni ó jẹ́, kí ooru má baà ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìyẹn láptọ́ọ̀pù, ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù lọ, nítorí pé inú rẹ̀ há, fáànù rẹ̀ sì kéré. Lórí Linux, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè fi àwọn àṣẹ àti fáìlì tó wà lórí ètò náà mọ̀ bóyá ooru ni ó sọ ọ́ di onílọ̀ọ́ra, kí ó tó náwó sí àtúnṣe tàbí kí ó tó ra òmíràn.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Iná mànàmáná tí CPU ń lò ni ó ń di ooru. Páìpù bàbà ń gbé ooru náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ fáànù, fáànù a sì fẹ́ ẹ jáde. Ààlà ìgbóná ọ̀pọ̀ CPU Intel inú kọ̀ǹpútà alágbèéká jẹ́ 100 °C. Bí ó bá ti kan ibẹ̀, CPU a dín ìyára àti fóltéèjì rẹ̀ kù títí ìgbóná yóò fi wálẹ̀. Bí ìgbóná bá ń pọ̀ sí i síbẹ̀, kọ̀ǹpútà a pa ara rẹ̀.

Àwọn okùnfà

* Eruku tó dí ojú ihò afẹ́fẹ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, eruku ìgbà ọyẹ́ máa ń dá kún un.
* Fáànù tó ti bàjẹ́.
* Gbígbé kọ̀ǹpútà sórí ibùsùn tàbí ìrọ̀rí, èyí tó ń dí ihò abẹ́ rẹ̀.
* Gbígbẹ thermal paste, ohun rírọ̀ bí ọ̀rá tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gba ooru rẹ̀.

Àyẹ̀wò lórí Linux

Ohun mẹ́ta ni a máa ń fi wé ara wọn:

* Ìgbóná: àṣẹ sensors, tó wà nínú lm-sensors, ń fi ìgbóná hàn ní °C.
* Ìyára: fáìlì /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq/scaling_cur_freq ń fi ìyára hàn ní kHz. 800000 túmọ̀ sí 800 MHz.
* Iye ìgbà: lórí CPU Intel, fáìlì /sys/devices/system/cpu/cpu0/thermal_throttle/core_throttle_count ń ka iye ìgbà tí ooru ti dín ìyára kù láti ìgbà tí a ti tan kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń wò wọ́n: nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣe iṣẹ́ kankan, àti nígbà tí àṣẹ stress-ng --cpu 0 --timeout 300s bá ń fún gbogbo CPU ní iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5.

Ìtumọ̀ àbájáde

Bí ìgbóná bá súnmọ́ ààlà, tí ìyára wálẹ̀, tí iye ìgbà sì ń pọ̀ sí i, ooru ni okùnfà.

Bí CPU bá tutù ṣùgbọ́n tí ìyára kò kúrò ní 400 MHz tàbí 800 MHz lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àmì PROCHOT. Àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà lè fi àmì yìí ránṣẹ́ sí CPU, pàápàá nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá dá ṣájà mọ̀ tàbí tí bátìrì ń kú lọ. Yíyọ ṣájà tàbí fífi òmíràn dán an wò lè fi òótọ́ hàn.

Bí CPU bá tutù, tí ìyára rẹ̀ sì ga, ibòmíràn ni ó yẹ kí a wò, bíi ìrántí kọ̀ǹpútà tó ti kún. Àṣẹ free -h ń fi èyí hàn.

Àpẹẹrẹ

ThinkPad T480 àti X1 Carbon ìran kẹfà, tí Lenovo gbé jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ètò inú ẹ̀rọ pẹ̀lú lè fa ìṣòro yìí. Lórí Linux nígbà náà, nǹkan bí 80 °C ni CPU wọn ti ń dín ìyára kù, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí 97 °C ni lórí Windows. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ètò ọ̀fẹ́ kan tí a ń pè ní throttled, tó ń tún ààlà náà kọ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra wọn.

Àtúnṣe

Èyí tí kò gba owó ni a máa ń fi bẹ̀rẹ̀: gbígbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, lẹ́yìn náà fífẹ́ eruku kúrò nígbà tí ó wà ní pípa, kí a sì di fáànù mú kí ó má baà yí. Pípààrọ̀ thermal paste ni ó tẹ̀ lé e. Ètò thermald, tí Intel ṣe fún Linux, ń dín ooru kù kí CPU tó kan ààlà. Níbi tí intel_pstate bá ti ń ṣiṣẹ́, kíkọ 1 sínú fáìlì /sys/devices/system/cpu/intel_pstate/no_turbo a dá ìyára àfikún dúró.

Àwọn kan máa ń pa àmì PROCHOT kí kọ̀ǹpútà lè yára. Ìkìlọ̀ nìkan ni èyí ń pa lẹ́nu mọ́: ṣájà tàbí bátìrì tó ní àléébù ṣì wà níbẹ̀, bí ẹ̀yà kan bá sì gbóná jù lóòótọ́, CPU kò ní gbọ́ mọ́.