Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Akàndá Lórí Ìtàgé?

Ní ọdún 1963 ni eré The Strong Breed tí Wọlé Ṣóyínká kọ jáde. Ọmọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Ifada, tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé. Nítorí pé àlejò ni, tí kò sì ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀, àwọn ará abúlé mú un kí ó lè ru ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tí ń lọ kúrò láàárín wọn. Eman, àlejò mìíràn, ni ó gba ipò rẹ̀, tí ó sì kú sí i. Ṣóyínká kò fojú rere wo ìwà ìkà yìí rárá. Ṣùgbọ́n Ifada fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Àwọn ẹlòmíràn ni ń bá a jà.

Láàárín àwọn aláré tí ń fi èdè Yorùbá ṣeré láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo, tí àwọn tó wo Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè gbàgbé, ń tiro. Ìtàn ayé ara rẹ̀ ni ó fi ṣe Orogún Adédìgbà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tún sọ Kúyẹ̀, ìwé J. F. Ọdúnjọ lórí ọmọ tó dití tó sì yadi, di eré.

Bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá eré wọ̀nyẹn ni ó ṣe pàtàkì jù. Kò sí ìwé tí òṣèré ń há sórí. Adéjọbí a pa ìtàn náà fún wọn, a pín ipa, oníkálukú a sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Ohun tí ó bá dùn mọ́ èrò ìwòran yóò dúró. Èyí tí kò bá dùn yóò yọ́ lọ. Ìdí nìyí tí Karin Barber, òyìnbó tó bá wọn ṣeré, àti Báyọ̀ Ògúndíjọ fi ní láti da ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ kí Kúyẹ̀ tó lè di ìwé ní 1994.

Ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìgbèríko. Ní agbègbè Ọ̀pin, níbi tí Ìsólò-Ọ̀pin wà, tí kò jìnnà sí Ọ̀sì ìlú Àrẹògún agbẹ́gilére tó kú ní 1954, Ẹ̀pa kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan: ẹnìkan gbẹ́ ère, ẹlòmíràn rù ú, onílù lù ú, àwọn ará ìlú gbe orin. Kò sẹ́ni tí ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Irú ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn akàndá tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba nǹkan fi di aláré níbòmíràn. Ní Geelong, ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ Back to Back Theatre bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Wọn a jókòó sọ̀rọ̀, wọn a dán an wò, wọn a gba ohùn sílẹ̀, wọn a sì tún un tò. Eré kan lè gba ọdún púpọ̀. Nínú Ganesh Versus the Third Reich (2011), òrìṣà àwọn Híńdù kan lọ gba àmì ìsìn rẹ̀ padà ní Jámánì ayé Hitler, lábẹ́ ìjọba tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún akàndá. Láàárín eré náà ni àwọn òṣèré àti olùdarí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn: ta ló láṣẹ láti sọ ìtàn yìí? Ní 2022 wọ́n gba International Ibsen Award ní Norway. Ibsen yìí kan náà ni ó ń dá eré tirẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!

Nínú fíìmù Yorùbá, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé ni a sábà ń fún ní ipa dìndìnrìn, kí a lè rí ẹ̀rín rín. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ti ka yíya akàndá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí òfin náà dá láre ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ìrìn wọn àti ohùn wọn jẹun.