Bí Kọ̀ǹpútà Tuntun Ṣe Kọ́ Láti Sọ Ibi Tí Ó Ń Dùn Ún

Kò sí ohun tí í rẹ ènìyàn sílẹ̀ bí kí ó fi owó ara rẹ̀ ra èèlò kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fara balẹ̀ tò wọ́n pọ̀ bí ìwé ìlànà ti wí, kí ó de síkúrù tí ó kẹ́yìn, kí ó tẹ súìsì pẹ̀lú ìrètí, kí ẹ̀rọ náà sì máa wò ó bọ̀ọ̀, kí fáànù má yí, kí iná má tàn, kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Bí ó bá ké, à bá mọ ibi tí ó ń dùn ún. Bí ó bá rú èéfín, à bá mọ ibi tí iná ti jó o. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, n kò sì mọ ohun tí òwe yìí tún bá mu ju kọ̀ǹpútà tuntun tí ó kọ̀ tí kò jí. Wíwá ìdí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ ọwọ́ kan láyé, ó ní àwọn àgbà rẹ̀, ó ní àṣà rẹ̀, ó sì ní ìtàn tí ó yẹ ní sísọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ èso rẹ̀ lónìí ni kò mọ àwọn tí ó gbin igi náà.

Nígbà tí a ṣí aṣọ lójú kọ̀ǹpútà ENIAC ní ìlú Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 1946, odidi yàrá ńlá kan ni ẹ̀rọ náà gbà, fáàfù inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn rédíò àtijọ́ ń lò, sì lé ní 17,000. Kí ọ̀kan péré jó nínú wọn, ìṣirò dàrú nìyẹn, ẹ̀rọ kò sì ní sọ èyí tí ó jó. Obìnrin mẹ́fà ni a yàn láti máa to iṣẹ́ fún un, mo sì fẹ́ kí a dárúkọ wọn, nítorí ó pẹ́ kí ayé tó dárúkọ wọn: Kathleen McNulty, Jean Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Frances Bilas àti Ruth Lichterman. Kò sí ìwé kankan tí ó kọ́ wọn bí a ti ń lò ó. Àwòrán wáyà inú ẹ̀rọ ni a kó lé wọn lọ́wọ́, láti inú àwòrán wọ̀nyí ni wọ́n sì ti mọ inú ENIAC dé ibi pé wọ́n lè fi ìrònú nìkan tọ àṣìṣe kan lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ títí wọn yóò fi dé ìdí fáàfù kan ṣoṣo. Àwọn ẹnjiníà sì ṣàkíyèsí pé ìgbà tí a bá ń tan ẹ̀rọ tàbí tí a bá ń pa á ni fáàfù ń jó jù, nítorí gbígbóná àti títutù òjijì, wọ́n bá pinnu láti máa fi í sílẹ̀ ní títàn tọ̀sán tòru. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ ni pé ìṣẹ́jú tí iná kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

ENIAC ní àwọn ológun Amẹ́ríkà lẹ́yìn, owó sì wà láti fi ṣètọ́jú rẹ̀. Ọdún 1975 ni wàhálà yìí wọ ilé mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé àwòrán Altair 8800 sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí Ed Roberts àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, MITS, ní ìlú Albuquerque, ń tà ní 397 dọ́là fún ẹni tí yóò tò ó fúnra rẹ̀. Altair àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn náà sọnù sọ́nà, èyí tí wọ́n sì yà ní àwòrán kò ju àpótí òfìfo lọ, tí ó ní súìsì àti iná lójú tí kò sì ní nǹkan kan nínú. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi owó ránṣẹ́.

Ohun tí wọ́n rí gbà ni pátákó tí ilà bàbà wà lára rẹ̀, àpò àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́, àti ìwé ìlànà. Òjé yíyọ́ ni wọn yóò fi lẹ gbogbo ẹ̀yà náà mọ́ pátákó, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kí òjé kán díẹ̀ sáàárín ilà méjì tí kò yẹ kí ó fara kan ara wọn, iṣẹ́ bàjẹ́. Kí irin má gbóná tó tí òjé kò fi mu ẹsẹ̀ ẹ̀yà dáadáa, iṣẹ́ bàjẹ́. Kí wọ́n ki ṣíìpù kan bọlé kí iwájú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, iṣẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Bí wọ́n bá sì tò ó tán, kò sí kíbọọ̀dù, kò sí sìkírìnì, ibi ìrántí rẹ̀ kò sì gbà ju lẹ́tà 256 lọ. Súìsì ni wọn yóò máa gbé sókè gbé sílẹ̀ láti fi kọ iṣẹ́ sínú rẹ̀, àwọn iná pupa kéékèèké iwájú rẹ̀ ni wọn yóò sì máa wò bóyá wọn yóò dáhùn. Ẹni tí iná tirẹ̀ kò bá tàn bí ó ti yẹ, òun pẹ̀lú gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá ni yóò jọ jókòó, tí yóò máa yẹ ojú òjé wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1975, Gordon French àti Fred Moore kó àwọn ènìyàn jọ sí gáréèjì ọkọ̀ French ní Menlo Park, ní California, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni a ń pè ní Homebrew Computer Club. Nígbà tí gáréèjì kò gbà wọ́n mọ́, gbọ̀ngàn kan ní Stanford ni wọ́n ń lò, Lee Felsenstein sì ni alága tí ń darí ọ̀rọ̀: ẹni tí ó ní ìṣòro á dìde, á sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, ẹni tí ó ti bọ́ nínú irú rẹ̀ á ké sí i, lẹ́yìn náà wọn a wá ara wọn kàn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Níbẹ̀ ni ó ti hàn pé pátákó ìrántí 4K tí MITS ń tà ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró, àṣìṣe kì í sì í ṣe ti ọwọ́ àwọn tí ó tò ó. Bob Marsh, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pátákó mìíràn tà, ọ̀pọ̀ Altair sì tipa bẹ́ẹ̀ jí. Àṣà pé kí a má fi àléébù ẹ̀rọ pamọ́, kí a gbé e síta kí gbogbo ènìyàn lè kọ́ nínú rẹ̀, láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ó ti gbilẹ̀, mo sì gbà pé ó níye lórí ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n tò lọ.

Láàárín wọn náà ni Altair ti kọ́kọ́ lóhùn, láìròtẹ́lẹ̀. Steve Dompier gbé rédíò kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì gbọ́ tí rédíò ń kùn bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ó fara balẹ̀ wádìí irú iṣẹ́ tí ń mú irú ohùn wá, títí ó fi lè mú kí Altair kọ orin àwọn Beatles kan níwájú ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹnu wá ní ohùn tí etí lè gbọ́.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni a fún ẹ̀rọ ní ohùn ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde, èyí tí Don Estridge àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní Boca Raton, ní Florida. Inú ṣíìpù kan tí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kì í parẹ́ ni wọ́n kọ ètò kékeré kan sí, tí ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè ní gbogbo ìgbà tí a bá ti tan iná sí i, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Yóò kọ́kọ́ yẹ ọpọlọ ẹ̀rọ wò, yóò ka ara rẹ̀ bóyá lẹ́tà kan ti yí padà nínú rẹ̀, yóò yẹ aago inú wò, yóò kọ nǹkan sí ibi ìrántí, yóò sì kà á padà bóyá ohun tí ó kọ ni ó bá níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ̀rọ a dún lẹ́ẹ̀kan péré, kúkúrú. Bí kò bá pé, nọ́ńbà a jáde sójú sìkírìnì: 201 fún ibi ìrántí, 301 fún kíbọọ̀dù, 601 fún ibi tí a ń ki díìsìkì sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé káàdì sìkírìnì gan-an ni kò dá, tí kò sí ojú tí a lè kọ nọ́ńbà sí, ẹ̀rọ a dún lẹ́ẹ̀kan gígùn, a sì dún lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú. Ìrònú ẹni tí ó ṣètò èyí jinlẹ̀: ó mọ̀ pé ẹnu lè fọ́, ó sì pèsè ẹnu mìíràn dè é.

IBM tẹ gbogbo ètò náà sínú ìwé, ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ìwé lè kà á. Compaq, ní Houston, ṣe èyí tí ó bá a mu láìwo tiwọn kọ, ilé iṣẹ́ Phoenix sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní ọdún 1984. Láti ìgbà náà ni títo irú kọ̀ǹpútà yìí ti kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá nìkan, tí ó di iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́. Ìṣòro ti ìgbà náà burú: páwàpákì, àpótí tí ń fún ẹ̀rọ ní iná, ní ẹnu wáyà méjì tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, tí a ń ki sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo èèlò yòókù so mọ́, ẹni tí ó bá sì gbé ọ̀kan sí ipò èkejì lè jó mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Wáyà dúdú gbọ́dọ̀ pàdé wáyà dúdú ní àárín. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọdún 1995 ni Intel mú ìlànà ATX wá, ẹnu méjèèjì di ẹyọ kan tí kò lè wọlé bí kò bá wọlé dáadáa.

Ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, Otigba ní Ìkẹjà ni iṣẹ́ yìí fìdí kalẹ̀ sí. Àdúgbò ilé gbígbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀, láti Otigba dé Pepple, títí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n sí Computer Village. Florence Seriki, tí ó dá Omatek sílẹ̀, ti to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní Èkó kan náà rí, ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ni ọ̀rọ̀ mi kàn níhìn-ín, àwọn ọmọ Ògún lákáayé tí ń fi èèlò tuntun àti ti tòkunbọ̀ to ẹ̀rọ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò. Wàhálà kan wà tí ó jẹ́ tiwọn ní pàtàkì. Páwàpákì tí ó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń ní súìsì pupa kékeré kan ní ẹ̀yìn, tí a fi ń yan 115 tàbí 230. Iná Amẹ́ríkà kò ju 120 fólìtì lọ, tiwa jẹ́ 230, ẹni tí kò bá sì yí súìsì náà kí ó tó ki pulọ́ọ̀gì bọ iná, ìró kan ṣoṣo ni yóò gbọ́.

Ẹ wo bí ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ ti í ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ á ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí kò mà jí o.” Ọ̀gá kò ní dìde. “Ṣé o ti wo wáyà ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ?” Wáyà yìí ni ẹnu oníhò mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tí ó wà ní igun òkè mọ́dábọ́ọ̀dù, èyí tí ó wọlé dé ní nǹkan bí ọdún 2000 tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iná púpọ̀, òun náà ni àwọn tí ń to ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ń gbàgbé jù títí di òní. “Ó wà níbẹ̀, sà.” Nígbà náà ni ọ̀gá á tú gbogbo rẹ̀ kúrò nínú kéèsì, á gbé mọ́dábọ́ọ̀dù lé orí páálí tí ó bá a wá, bóyá síkúrù kan tí ó já bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ni ó ń pa á. Ọpọlọ, fáànù rẹ̀, ráàmù (ibi ìrántí ẹ̀rọ) ẹyọ kan àti páwàpákì nìkan ni yóò kù. Á mú ráàmù náà, á fi ìrésà àwọn ọmọ iléèwé nu eyín wúrà rẹ̀ rọra, á tì í bọ ihò títí etí méjèèjì yóò fi dún kà. Á fi ẹnu síkúrúdíráfà kan abẹ́rẹ́ méjì tí súìsì kéèsì ì bá jókòó lé, á dẹtí. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, á máa dá èèlò ìyókù padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ da méjì pọ̀, nítorí èyí tí ẹ̀rọ bá kú sí ni ọ̀daràn.

Ó dùn mí pé ohùn náà ti ń lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí ń dún yìí, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sí nínú ọ̀pọ̀ kéèsì tuntun mọ́. Iná kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, tí a kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹni tí ó bá sì ti de kéèsì rẹ̀ tán lè má rí wọn. Ráàmù DDR5 tí ó gbòde báyìí tún mú ìdákẹ́ mìíràn wá: ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan ẹ̀rọ, ọpọlọ ní láti wọn bí iná yóò ti máa rìn láàárín òun àti ráàmù, lórí àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 ti AMD tí ó jáde ní ọdún 2022, èyí sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan tí sìkírìnì yóò fi dúdú, tí iná DRAM yóò fi máa tàn bí ẹni pé ráàmù ti kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mú sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Wọn a pa iná, wọn a tún tan án, wíwọ̀n náà a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.