Ọjọ́ 520 Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọkùnrin mẹ́fà lọ sí Mars, wọn ò sì kúrò ní Moscow. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2010 ni wọ́n wọ ilé kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn: ará Rọ́ṣíà mẹ́ta, ará Faransé kan, ará Ítálì kan, ará Ṣáínà kan. Mars-500 lorúkọ iṣẹ́ náà. (Ní 1967, ní Moscow kan náà, àwọn mẹ́ta kan ti há ara wọn mọ́lé fún ọdún kan gbáko.)

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, wọn ò fò. Yàrá oníyanrìn ni “Mars” tí wọ́n rìn lórí rẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2011. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ síta, wọ́n á dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí èsì tó dé, bíi pé ojú ọ̀run ló gbà kọjá. Èmi tí n kì í lo ọ̀sẹ̀ kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láì bá ẹni tá a jọ ń gbé jà!

Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, wọn ò fẹ́ rìn mọ́. Ọjọ́ ẹnìkan wá di wákàtí 25. Àwọn yòókù á ti sùn, òun nìkan á lajú sílẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jáde.