Níbo làwọn ará Ìkálẹ̀ ti wá? Bí èèyàn ṣe lè tọ ipasẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó

Tí wọ́n bá bi ọmọ Ìkálẹ̀ pé níbo ni baba ńlá rẹ̀ ti wá, ìdáhùn méjì ló sábà máa ń jáde: Bìní tàbí Ilé-Ifẹ̀. Láti Àyèká dé Ìkọ̀yà, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, àwọn ìtàn náà ò sì fi gbogbo ìgbà bára mu.

Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ náà wà ná. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè ni Ìkálẹ̀ wà, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlàjẹ, Àpóì àti Ìjọ Àrógbò wà létí omi, ilẹ̀ Ẹdó wà ní ìlà oòrùn. Ibodè ni, inú igbó àti odò. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà débẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ìtàn ìdílé Abọ́dì ti Ìkálẹ̀ àti ti Olófun ti Ìrèlè so mọ́ ààfin Ọba Bìní. Àmọ́ ibi tí ìdílé ọba ti wá kọ́ ló máa ń jẹ́ ibi tí gbogbo ará ìlú ti wá. Àwọn kan lè ti wà nílẹ̀ kí adé tó dé.

Èdè náà ń jẹ́rìí. Àwọn onímọ̀ èdè ka ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ mọ́ ti Ìlàjẹ, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ìró “gh” tí Yorùbá àjùmọ̀lò ò ní mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé bí Bìní tilẹ̀ nípa tó, Yorùbá ni ẹnu àwọn èèyàn náà.

Ìwé náà wà. Ní 1872, ìjọba Glover ní Èkó ṣí ọ̀nà tó gba Àyèsàn lọ sí Oǹdó, nítorí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ò ṣeé gbára lé. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn òyìnbó aṣojú ìjọba kọ ìròyìn nípa ìtàn àti oyè àwọn ìlú. Ilé ìkóìwéìtànpamọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, làwọn èèyàn ti ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, torí ẹni tó bá ní òun ló kọ́kọ́ dé lè torí ẹ̀ gba ilẹ̀ tàbí oyè. Ohun tí wọ́n bá sọ fún òyìnbó ló kọ sílẹ̀. Ìdílé tí ò sí níjòkòó lọ́jọ́ náà ò sí nínú ìwé. Kí èèyàn tó gbé ìwé lọ sí kóòtù, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó sọ ìtàn náà.

Nílé, ẹ bi àwọn àgbà ní nǹkan mẹ́rin: oríkì ìdílé, èèwọ̀, orúkọ ibùdó tí wọ́n gbà kọjá, àti ilé ìyá. Ẹ ka orúkọ àwọn baba ńlá sẹ́yìn. Tí ìran kan bá jẹ́ ọdún 25 sí 30, ìran mẹ́wàá jẹ́ nǹkan bí ọdún 250 sí 300. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Àgbà tó bá lọ láìsọ ti ẹ̀, kò sí ìwé ní Ìbàdàn tó lè sọ ọ́ fún un.