Búṣì Tó Ń Lọ́, Búṣì Tó Ń Yí

Mazda MX-5 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1989 ti di àgbà ọkọ̀ báyìí, búṣì ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ wọn yóò tètè rí i pé orúkọ kọ́ ni ìṣòro. Àwọn mẹkáníìkì ti sọ wọ́n lórúkọ: ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, búṣì sì ni búṣì. Mo fara mọ́ méjèèjì. Lówà áàmù, irin ìsàlẹ̀ tí búṣì wà nínú rẹ̀, mo fi òun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá túmọ̀ áàmù sí apá, apá nínú ẹsẹ̀ yóò rú ọmọṣẹ́ lójú.

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ wà. Búṣì tó bá ọkọ̀ yìí wá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páìpù irin kékeré tí bóòtù ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí a bá ti de bóòtù pinpin, páìpù yẹn kò lè mira mọ́. Bí áàmù ṣe ń lọ sókè sódò, rọ́bà náà kì í yí. Ó ń lọ́ ni. Èyí tí wọ́n fi polyurethane ṣe, tí àwọn tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ le ń rà, ń yí ní tirẹ̀ lórí páìpù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ gíríìsì, tó sì máa ń ké bí gíríìsì bá gbẹ.

Lọ́ àti yí yìí ló ń sọ ìgbà tó yẹ ká de bóòtù. Bí a bá de ti rọ́bà pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà yóò ti lọ́ gan-an nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀. Bí yóò ṣe máa wà nìyẹn títí yóò fi ya. Ọmọṣẹ́ tó bá gbọ́ “lọ́” yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ní ti orúkọ, bóòtù tí a fi ń ṣàtúnṣe ìdúró táyà ló gbà mí ní ìrònú jù. Ihò wáṣà rẹ̀ kò sí ní àárín gan-an. Bí a bá yí i, áàmù yóò sún wọlé tàbí síta. Mo pè é ní bóòtù ìsúnpò, torí iṣẹ́ ló yẹ kí orúkọ sọ, kì í ṣe ìrísí. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tó dúró sí kí ẹ tó tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi “yí” rọ́pò “lọ́”.