Ìtàn Oògùn Sítẹ́rọ́ọ̀dù àti Ilẹ̀gbóná Lára Àwọn Ọmọdé

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ orúkọ yé ara wa. Ilẹ̀gbóná tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ṣọ̀pọ̀nná, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣíkínpọ́ọ̀sì ni, tí í sábà lọ fúnra rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ kò fi kà á sí.

Ní 1949 ni Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, fi tó ayé létí pé kọ́tísóònù ń mú ara tu àwọn alárùn làkúrègbé. Ní 1950, òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba Ẹ̀bùn Nobel. Kò pẹ́ tí oògùn náà fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tí ó ní àrùn kíndìnrín. Ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀wádún kan náà ni ìwé ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn pé ilẹ̀gbóná ń le jù lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí oògùn náà fi ń woni sàn gan-an ni ó fi ń léwu: ó ń pẹ̀tù sí ìjà tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, ó sì ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara pẹ̀lú. Kòkòrò àrùn a wá ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ.

Ní 1964, ọmọkùnrin Michiaki Takahashi, onímọ̀ ará Japan tí ó wà ní Texas nígbà náà, ṣàìsàn ilẹ̀gbóná tí ó le. Èyí ni ó tì í sídìí iṣẹ́ àjẹsára. Ní 1974, ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: wọ́n fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwòsàn ní abẹ́rẹ́ náà nígbà tí àrùn ṣẹ́ yọ láàárín wọn, àrùn kò sì ràn mọ́. Àwọn tí ó ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù wà lára wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn ìtàn yìí wà. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà wá fún jù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́.

Ní 1994, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ààbò oògùn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn dókítà nípa ewu náà. Síbẹ̀, òbí kò gbọdọ̀ já oògùn náà dúró lójijì, nítorí ara ọmọ lè ti gbàgbé bí a ti í ṣe tirẹ̀.

Lónìí, ọmọ tí ó ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù púpọ̀ kì í gba àjẹsára náà, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè. Àwọn ará ilé rẹ̀ tí àrùn náà kò ṣe rí ni a ń fún lábẹ́rẹ́ dípò rẹ̀.