Ìtàn Ibi Ìsádi Obìnrin Tí Ọkọ Ń Lù Nílẹ̀ Yorùbá

Láyé àwọn baba ńlá wa, kò sí ilé kan tí a kọ́ sọ́tọ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù bí ẹni lu bàrà, nítorí pé ilé tí wọ́n ti fà á fún ọkọ náà ni gbogbo ayé gbà pé yóò sá padà sí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí ní agbègbè Ọ̀yọ́, tó sì rí bí àwọn obìnrin ilé ọkọ ti ń bu omi tútù sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé, yóò mọ̀ pé agbo ilé kan ló fa ọmọ lé agbo ilé mìíràn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí èyí, bí ọkọ bá gbọ́wọ́ sókè sí aya, ìyálé àti ìyakọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sáré là á; bí apá wọn kò bá ká a, baálé a gbọ́, alárinà a gbọ́; bí gbogbo wọn bá sì sọ ọ́ sọ ọ́ tí ọkùnrin náà kò gbọ́, obìnrin a palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, a pọn ọmọ rẹ̀, a sì kọrí sílé baba rẹ̀.

Ààbò ni ilé baba yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni. Kò ní í pẹ́ tí ọkọ yóò fi kó àwọn àgbà ilé rẹ̀ dé, wọn a dọ̀bálẹ̀, wọn a bẹ̀bẹ̀, wọn a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé irú rẹ̀ kò tún ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá ilé a sì yí ọmọ wọn ká, wọn a máa sọ fún un pé sùúrù ni baba ìwà, pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, pé bí kò tilẹ̀ ro ti ara rẹ̀, kí ó ro ti àwọn ọmọ. Báyìí ni yóò ṣe padà sábẹ́ òrùlé tó sá kúrò. Èyí tó bá kọ̀ tí kò padà di dálémosú, orúkọ tí ìyá kan kì í tọrọ fún ọmọ rẹ̀. Mo bọlá fún àwọn àgbà wọ̀nyí, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ẹnu wọn tún ṣe. Àmọ́ n kò lè gbójú fò ó dá pé àlàáfíà agbo ilé méjì ni wọ́n ń wá, ẹni tí wọ́n na kì í sì í sábà ní ohùn níbi tí wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fún ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá ti kọjá ẹ̀bẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà ní àwọn ìlú kan. Ẹrú tí olówó rẹ̀ ń dá lóró, tàbí aya tí ẹ̀mí rẹ̀ kò dè mọ́ nílé ọkọ, lè sáré wọ ilé ìjòyè, kí ó sì di òpó ilé náà mú gírígírí. Dìpòmú ni wọ́n ń pe èyí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan òpó ti bọ́ sábẹ́ ìjòyè, a kò sì gbọdọ̀ wọ́ ọ jáde láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì rí i pé ó jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín wa, ṣùgbọ́n pé obìnrin lè bèèrè rẹ̀ bí ìkà ọkọ bá pàpọ̀jù tí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹlẹ́rìí! Ní ìyẹ̀wù, lóru, ta ni yóò jẹ́rìí?

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó jókòó sí Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ní 1893, tí kóòtù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbéyàwó, àwọn obìnrin ya bò ó níbẹ̀ àti ní Abẹ́òkúta ọmọ Lísàbí, débi pé àwọn ìjòyè àti àwọn ọkọ ń ké gbàjarè pé ilé ń tú. Ohun tí kóòtù ń fẹ́ mọ̀ jù lọ ni iye tí ọkọ ná: owó orí, ẹrù ìdána, obì àti orógbó, títí kan ọ̀wẹ̀ tó bá àna rẹ̀ ṣe lóko. Ẹbí obìnrin tàbí ọkùnrin tí yóò fẹ́ ẹ a san án padà, okùn a sì já. Ojú tó wú kò sí nínú ìṣirò náà. Obìnrin tí baba rẹ̀ jẹ́ tálákà, tí kò sì sí ọkùnrin mìíràn tó ń dúró dè é níta, kò rí owó san. Bó bá sì rí i san, kò sí ẹni tó bi í ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí di òní, tí a ń pè é ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, bí a ti ń rí i ní Mápó n'Ìbàdàn, ìdájọ́ ló ń fúnni, kì í fúnni ní òrùlé.

Àwọn tó ṣe ìgbéyàwó alárédè, èyí tí òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1884, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ, nítorí òfin ìtúká ìgbéyàwó ti 1970 ní kí ọdún méjì pé lẹ́yìn ìgbéyàwó kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìkọ̀sílẹ̀, àfi bí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda nítorí ìnira tó kọjá àlà. Bí wọ́n bá sì sá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, èsì tí púpọ̀ nínú wọn ń bá bọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé. Aládùúgbò a sì fi kún un pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ní 1999 ni arábìnrin Josephine Effah-Chukwuma dá ẹgbẹ́ Project Alert sílẹ̀ ní Èkó. Ní 2001, ẹgbẹ́ náà ṣí Sophia's Place, ilé ìsádi fún obìnrin tí ọkọ ń lù, tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn obìnrin London ti ṣí tiwọn ní Chiswick ní 1971. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹni tí ilé báwọ̀nyí wà fún: obìnrin tó jáde lóru, tí kò mú ju aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ọmọ tó pọ̀n lọ, tí ìwé ọjọ́ìbí ọmọ náà àti owó àjọ tó dá ṣì wà nínú àpótí nílé ọkọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ayé mọ ibi tí òun wà. Ọkọ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, àna kò mọ̀ ọ́n, alárinà kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà lè sùn kí ó jí, kí ó sì ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìsí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ohun tí ilé baba, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ inú rẹ̀, kò rí ṣe fún un láti ayébáyé.

Òfin tó bá òrùlé náà rìn jáde ní Èkó àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ ní 2007. Kò mọ sórí lílù nìkan. Ó ka èébú, ìdẹ́rùbani àti fífi owó nini lára mọ́ ìwà ipá inú ilé. Obìnrin lè gba àṣẹ ààbò lọ́wọ́ adájọ́, kí adájọ́ sì kọ ìwé ìfàṣẹmúni mọ́ ọn, èyí tí yóò wà nílẹ̀ de ọkọ bó bá rú àṣẹ náà; ọlọ́pàá tí a ké sí gbọ́dọ̀ bá a wá ibi tí yóò wọ̀ sí àti ìtọ́jú fún ọgbẹ́ rẹ̀; olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìlera lè gbé ẹjọ́ náà lọ fún un bó bá ti fọwọ́ sí i. Ní tèmi, kò sí ohun tó tó èyí nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí níbẹ̀ ni ibi ìsùn àti ọ̀rọ̀ tó de ọkọ lọ́wọ́ ti kọ́kọ́ pàdé. Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, arábìnrin Bisi Adeleye-Fayemi, aya gómìnà ìgbà náà, sì jà fún un gidigidi. Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e ní 2015, tí òfin rẹ̀ sì fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì, lé ẹni tó bá lu aya tàbí ọkọ rẹ̀ lórí. Ikọ̀ tí Èkó gbé kalẹ̀ ní 2014 fún irú ẹjọ́ wọ̀nyí di àjọ tó ní òfin tirẹ̀ ní 2021.

Síbẹ̀, ìwádìí tí ìjọba ṣe nípa ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé obìnrin 31 nínú 100, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49, ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí a sì ti lù tàbí tí a ti fipá bá lòpọ̀, 32 péré nínú 100 ló wá ìrànlọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá a kò tọ ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò lọ rárá. Ẹbí wọn ni wọ́n sá tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí fi ń tọ àwọn ọba, baálẹ̀, pásítọ̀ àti ìmáàmù lọ, kí bàbá tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá kànlẹ̀kùn lóru tó dá a lóhùn pé kí ó padà sílé ọkọ, kí ó ti mọ nọ́ńbà tí yóò pè fún ìrànlọ́wọ́.